Ilé Ìṣáná: Ohun tí Páálí Kékeré Sọ fún Wa nípa Òwò ní Òṣogbo àti ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí gbọ́ orí ọ̀rọ̀ tí mo mú, ó bi mí bóyá owó ìfẹ̀yìntì mi ni kò tó mi ná tí mo fi ń ṣa ilé ìṣáná nílẹ̀. Èmi kò bínú. Ẹni tí ó bá rí àgbàlagbà tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà, tí ó mú páálí tí ọkọ̀ ti tẹ̀, tí ó ń fẹ́ erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó yẹ kí ó bèèrè ọ̀rọ̀. Láti ọdún 1968 ni mo ti ń ṣa wọ́n jọ. Wọ́n lé ní irínwó nísinsin yìí, díẹ̀ nínú wọn sì wà lórí tábìlì yìí. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kò lẹ́wà.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, iṣẹ́ yìí ní orúkọ àti ẹgbẹ́. Ní ọdún 1943 ni Marjorie Evans, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, pa ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó jẹ́ ìfẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Látìn tí ó jẹ́ ìmọ́lẹ̀, tí ó pe àṣà náà ní phillumeny. Ní ọdún 1945 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń kó àwòrán ara páálí ìṣáná jọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ìlú Jönköping ní Sweden, ilé ìṣẹ́ ìṣáná àtijọ́ ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1948. Àwọn olùkójọ ibẹ̀ fẹ́ràn àwòrán tí kò tíì kan ara páálí rí, tí ó mọ́ bí ẹni pé àná ni ó jáde nínú ẹ̀rọ. Èmi kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá kọ́ ni mo ń wá. Páálí tí ẹnìkan ti lò, tí epo wà lára rẹ̀, tí ẹnìkan fi abẹ́rẹ́ sí nínú, tí ó sì fi òwú dì í, òun ni ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín, ó di dandan kí n lọ sẹ́yìn díẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí orúkọ rẹ̀ ná. A ní kẹrosíìnì, a ní bẹ́ńtírò, a ní búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ àlejò ni gbogbo wọn. Àwọn kan ń pe èyí náà ní máṣíìsì, ṣùgbọ́n ìṣáná ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. A mú "ṣá" mọ́ "iná", a fi "ì" síwájú rẹ̀, ó parí. Ìdí rẹ̀ ni pé a ti ń ṣá iná kí páálí kankan tó dé. Òkúta akọ àti irin ni àwọn baba wa ń lò: wọn a ṣá ọ̀kan mọ́ èkejì, iná a ta sí ara òwú gbígbẹ, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fẹ́ a sì fẹ́ ẹ. Ìbọn àtijọ́ náà kò yàtọ̀. Òkúta ni ń ṣá iná fún ẹ̀tù. Nígbà tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó wá bá àwọn Èkìtì-Parapọ̀ rí ìbọn tuntun tí kò nílò òkúta, ìró ìbọn ogun náà ni ó sọ ogun ọ̀hún ní Kírìjì, tí a tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa bí a ti ń ṣá iná.

Ohun tí ìṣáná mú kúrò lára wa ni ìtọ́jú iná. Ṣíṣá òkúta kò rọrùn ní àkókò òjò, nítorí náà ilé kì í fẹ́ kí iná òun kú. Eérú ni wọn a fi bò ó lálẹ́. Bí ó bá kú, ọmọdé a mú àpáàdì, a lọ tọrọ ẹyin iná ní ilé aládùúgbò. Ẹni tí ẹ bá ń jà, ẹ kò lè tọrọ iná lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ìjà kì í pẹ́ púpọ̀. Ẹ̀yin ará Òṣogbo ṣì ní ẹ̀rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ níwájú yín lọ́dọọdún, nígbà tí a bá tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí a fi òwú àti epo bọ́ ọ, tí kò sì gbọdọ̀ kú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wo àtùpà náà ní ìdájí yóò mọ iṣẹ́ tí ó wà nínú kí iná máa jó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni John Walker, tí ń ta oògùn ní ìlú Stockton-on-Tees, ti bẹ̀rẹ̀ sí ta ìṣáná tí a ń fi ra nǹkan ní ọdún 1827. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun ṣe dé. Ibi yòówù tí ẹ bá fi rà ni yóò gbiná, ìbáà ṣe ara ògiri tàbí ìsàlẹ̀ bàtà, ṣùgbọ́n májèlé ni. Ó ń jẹ egungun àgbọ̀n àwọn tí ń ṣe é. Ní oṣù keje ọdún 1888 ni àwọn ọmọbìnrin ilé ìṣẹ́ Bryant & May ní ìlà-oòrùn London da iṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́yìn tí Annie Besant ti kọ̀wé nípa ìyà tí ń jẹ wọ́n. Ní ọdún 1906 ni àwọn orílẹ̀-èdè kan pàdé ní Bern tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti pa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun rẹ́ nínú ìṣáná.

Ohun tí ó kàn wá jù ni èyí tí Gustaf Erik Pasch, ọmọ Sweden, ṣe ní ọdún 1844. Ó yọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kúrò lórí igi, ó lo irú rẹ̀ pupa tí kì í ṣe májèlé, ó sì gbé e sí ara páálí. Àwọn Lundström, ọmọ ìyá méjì ti Jönköping, ni wọ́n sọ ọ́ di òwò ńlá. Láti ìgbà náà ni igi kò ti lè ṣe ohunkóhun láìsí páálí rẹ̀. Ẹ rò ó wò: kí èyí tó ṣẹlẹ̀, àpò lásán ni páálí. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì ìṣáná ni. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti bó, ẹ lè ní ogún igi nínú rẹ̀ kí ẹ sì sùn nínú òkùnkùn. Ìdí nìyí tí ìyá mi àgbà fi máa ń sọ pé ilé ìṣáná kú kí àwọn ọmọ inú rẹ̀ tó kú. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé lórí ìṣáná, n kò tíì rí èyí tí ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Báwo ni páálí wọ̀nyí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ọkọ̀ ojú omi gbé wọn dé Èkó. Láti Èkó, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni ó kọjá sí Ìlọrin, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni ó jàǹfààní jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà ti pàdé ojú irin. Iléṣà kò ní ojú irin. Orí ènìyàn ni ó kọ́kọ́ gbé ọjà láti Òṣogbo lọ síbẹ̀, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbà á. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ìsọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin. A ra kòkó àti èkùrọ́ lọ́wọ́ wa, a sì tà wá ní aṣọ, iyọ̀, irin àti ìṣáná. Ní ọdún kan náà tí ojú irin dé yìí, 1907, ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí ná owó ọ̀nínì, tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Mo ka àwọn méjèèjì pọ̀: owó tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò wúlò àfi níbi tí ọjà kéékèèké bá pọ̀. Ní ọdún 1933, ilé iṣẹ́ tábà ti British American Tobacco dán sìgá ṣíṣe wò ní Òṣogbo kí wọ́n tó lọ kọ́ ilé ìṣẹ́ ńlá sí Ìbàdàn ní ọdún 1937. Ẹni tí ó bá sì ra sìgá, ó di dandan kí ó wá iná.

Lẹ́yìn òkun, ọkùnrin kan wà tí ó ń gbìyànjú láti gba gbogbo ìṣáná ayé sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ivar Kreuger ni orúkọ rẹ̀. Ó ń yá àwọn ìjọba lówó, kí wọ́n lè jẹ́ kí òun nìkan máa ta ìṣáná ní ilẹ̀ wọn. Àdéhùn tí ó bá Jámánì ṣe kò tán títí di ọdún 1983. Wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Paris ní oṣù kẹta ọdún 1932, òwò náà sì wó. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa rò pé ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ni ìṣáná. Ní ti ìwé ìṣáná pẹlẹbẹ tí Joshua Pusey gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1892, kò rí ẹsẹ̀ wọlé lọ́dọ̀ wa; mẹ́fà péré ni mo ní, àpò àlejò ni gbogbo wọn sì ti wá.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé kan ní Iléṣà.

Ìyá tí ó bí bàbá mi ń ta ọjà wẹ́wẹ́ níwájú ilé: iyọ̀, ọṣẹ, ata gbígbẹ, kẹrosíìnì àti ìṣáná. Òṣómàáló ni ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà lè má mọ̀ pé orúkọ òwò ni èyí. Àwọn tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ a ru aṣọ lọ sí ìlú jíjìn, wọn a tà á láwìn, wọn a sì padà lọ gba owó wọn. Onígbèsè tí kò bá san, òṣó ni wọn a ló sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi san. Bàbá mi àgbà ní ìwé gbèsè. Ọmọ tí ó bá mọ̀wé nínú ilé ni ó ń kọ ọ́ fún un. Ìyàwó rẹ̀ náà ń ta àwìn, kò mọ̀wé, kò sì fẹ́ kí ọmọkọ́mọ mọ ẹni tí ó jẹ òun. Ilé ìṣáná ni ó sọ di ìwé.

Báyìí ni ó ṣe é. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní páálí tirẹ̀, páálí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti bó tí kò sì wúlò fún ìṣáná mọ́. Àwọn oníbàárà kò ka èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lára páálí, àwòrán ni wọ́n ń kà: oníràwọ̀, ẹlẹ́kùn, ọlọ́kọ̀, aláfárá. Bí wọ́n ti ń pe ìṣáná nìyẹn nígbà tí wọ́n bá wá rà á, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń fún aṣọ lórúkọ. Ìyá àgbà mú àwòrán kan fún ènìyàn kan. Oníràwọ̀ ni ìyá aláró tí ó wà ní ìdojúkọ wa. Ẹlẹ́kùn ni bàbá kan tí ohùn rẹ̀ le. Òkúta wẹ́wẹ́ kan dúró fún kọ́bọ̀ kan. Èkùrọ́ kan dúró fún tọ́rọ́. Ìdajì ẹ̀pà dúró fún ẹ́pìnì. Bí ènìyàn bá san díẹ̀, a yọ díẹ̀. Inú agolo bísíkíìtì ni gbogbo páálí náà wà, lábẹ́ ibùsùn. Ó sọ fún mi pé nígbà ogun Hitler, nígbà tí ọjà òkèèrè wọ́n gógó, ẹyọ igi márùn-ún ni òun ń tà, tí òun a sì ya ẹ̀gbẹ́ páálí díẹ̀ fún ẹni tí ó bá rà á. Nítorí náà páálí tí ó tó lò fún gbèsè kò fi bẹ́ẹ̀ sí, òun a sì fi ọ̀kan gba ènìyàn méjì, ọ̀kan nínú àpò inú, ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀.

Bí gbèsè bá tán pátápátá, èmi ni ó ń fún ní páálí náà. Ibùdókọ̀ ojú irin ní Òṣogbo ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé, a sì máa ń lo àsìkò ìsinmi ní Iléṣà. Mo fi òwú so àwọn páálí náà mọ́ra, mo fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ fún wọn, mo ní ọkọ̀ ojú irin tí ó gùn ju ti ọmọ ẹnikẹ́ni lọ ládùúgbò. Ọdún 1953 ni mo ń sọ yìí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé gbèsè tí àwọn ènìyàn ti san ni mo ń wọ́ kiri nínú erùpẹ̀.

Ìyá àgbà kú ní ọdún 1968. Mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́, mo sì dé ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ti kó yàrá rẹ̀ jáde. Wọ́n kó ẹní tí ó ti gbó, aṣọ àkísà àti agolo bísíkíìtì náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì dáná sun ún. Kò sí ẹni tí ó ṣe é pẹ̀lú èrò burúkú. Bí wọ́n ti ń tún yàrá òkú ṣe nìyẹn. Bàbá mi, ẹni tí ó ń ka ìwé ẹrù ọkọ̀ ojú irin lójoojúmọ́, wá ìwé gbèsè ìyá rẹ̀ kiri inú yàrá, ó gbé àpótí, ó gbọn aṣọ. Ìwé náà ń jó lẹ́yìn rẹ̀.

Láàárín oṣù kan, obìnrin méjì fúnra wọn wá san owó, a sì gba iye tí wọ́n dá lé e. Ẹ̀kẹta kò wá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi rántí pé owó rẹ̀ pọ̀, ó lọ ló òṣó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀ ti ń ṣe. Obìnrin náà búra pé òun ti san án kí ìyá tó kú. Kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnìkan. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ilé méjèèjì kò jẹ oúnjẹ ara wọn mọ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ ni a kò lọ sí ìnáwó ara wa. Ilé tí a ti jọ ń tọrọ iná lọ́wọ́ ara wa ni. Mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú yàrá ìwé ìjọba, mo ka ìwé owó orí, mo ka ìwé ẹjọ́, mo sì lè sọ fún yín iye tọ́ọ̀nù kòkó tí ilé iṣẹ́ kan kọ sílẹ̀ pé òun kó lọ ní ọdún kan. Ṣùgbọ́n ìwé tí ìbá parí ìjà ilé wa, ilé wa ni ó sun ún.

Láti ọdún náà ni mo ti ń ṣa páálí. Nígbà tí wọ́n tó ọgọ́rùn-ún méjì, mo kó wọn lọ sí ilé iṣẹ́ kan tí ń tọ́jú ohun àtijọ́, mo ní kí wọ́n gbà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní idẹ, igi gbígbẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn ń gbà, pé ìdọ̀tí òyìnbó ni èyí. N kò dá a lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó ṣe. Síbẹ̀, ní Òṣogbo yìí kan náà, láti ìgbà tí Ulli Beier àti Dúró Ládiípọ̀ ti ṣí Mbari Mbayo ní ọdún 1962, ó yẹ kí ojú wa ti là sí i pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayàwòrán ojú pátákó náà jẹ́ ohun tí a lè tọ́jú. Beier tọ́jú irú wọn. Nígbà tí ó dá Iwalewa-Haus sílẹ̀ ní Bayreuth ní Jámánì ní ọdún 1981, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí ó kó jọ gbé. Òṣogbo náà ti ní ibùdó àṣà àwọn ènìyàn dúdú láti ọdún 2009. Mo gbàdúrà pé kí àyè kékeré wà níbẹ̀ fún ohun tí kò dán.

Àwọn kan ti bi mí nípa ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é. Èmi kì í fọ páálí. Mo ń kọ ọjọ́ tí mo rí i àti ibi tí mo ti rí i, mo sì ń bi ẹni tí ó ni ín ohun tí ó fi ṣe. Ọ̀kan wà lórí tábìlì yìí tí bàbá onígbàjámọ̀ kan fi tọ́jú abẹ. Ọ̀kan wà tí eyín àkọ́bí obìnrin kan wà nínú rẹ̀, ó sì ní kí n má ṣe ṣí i. Ọ̀pọ̀ ni Ìlọrin ti wá, láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe ìṣáná níbẹ̀, a sì lè rí i lára wọn bí páálí onígi pẹlẹbẹ ti yọ́ kúrò tí ti oníwèé lílẹ̀ gba ipò rẹ̀. Láítà ti ń lé gbogbo wọn lọ. Kò sí ẹni tí yóò fi láítà tí gáàsì rẹ̀ ti tán ka gbèsè.

Èyí tí mo so òwú pupa mọ́ ni ẹ má ṣe fọwọ́ kàn. Ní ọdún 1983, wọ́n tún ògiri yàrá ìyá àgbà rẹ́. Nígbà tí wọ́n yí àmù omi kúrò ní igun, páálí kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ti bọ́ kúrò nínú agolo, bóyá kí wọ́n tó bí àbúrò mi tí ó gbẹ̀yìn. Àwòrán ọkọ̀ ojú omi wà lára rẹ̀. Mo ṣí i: èkùrọ́ mẹ́ta, òkúta kan. Tọ́rọ́ mẹ́ta àti kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ mẹ́wàá àtijọ́. Mo ronú pé mo ti rí ohun tí yóò bá wa tún ọ̀rọ̀ ilé kejì sọ. Mo gbé e lọ bá àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tí ó bá ìyá wọn ta ọjà títí ó fi ròkè ọkọ. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá àwọn kì í ya ọkọ̀ ojú omi sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń jẹ́. Ọlọ́kọ̀ ni ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ibùdókọ̀ Òṣogbo.

Mo mú páálí náà lọ fi han bàbá mi. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó da àwọn èkùrọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ti san owó náà.